Pàṣán Orí Àjà: Ìtàn Ìyà Tí A Fi Jẹ Àwọn Ará Éṣíà ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́)

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní, ìbéèrè ọmọ-ẹ̀kọ́ wa kan ni ó wá sí wa lọ́kàn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí a ti ń ṣiṣẹ́, a ń kọ́ wọn ní ìtàn ayé ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọ ní ìlú Houston. Wọ́n ní ọmọ Amẹ́ríkà ni ọmọ náà láti ọjọ́ tí a ti bí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ta ni ó fún un ní ẹ̀tọ́ yìí?" A dá a lóhùn pé: "Alásè kan ni, ọmọ ará Ṣáínà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni a ń ṣe.

Àwàdà kọ́, òtítọ́ ni. Nítorí náà ni a ṣe wá síwájú yín lónìí láti sọ ìtàn bí Amẹ́ríkà ti ṣe sí àwọn àlejò tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, láti ìgbà tí a rí wúrà títí di ìgbà tiwa yìí. Ìtàn náà gùn, a kò sì lè sọ ọ́ tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ ni a ó dúró sí. Àwọn àgbà wa wí pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí sí ọkàn, nítorí òun ni òpó tí ọ̀rọ̀ wa fi ẹ̀yìn tì.

ÒKÈ WÚRÀ

Ní oṣù kìíní ọdún 1848, a rí wúrà ní Kalifóníà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé bí iná inú ọyẹ́. Lára àwọn tí ó gbọ́ ọ ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ogun àti ìyàn ti ń pọ́n ènìyàn lójú. Wọ́n fún Kalifóníà ní orúkọ ní èdè wọn, wọ́n pè é ní Òkè Wúrà. Wọ́n yá owó ọkọ̀, wọ́n fi aya àti òbí sílẹ̀, wọ́n sì la òkun ńlá kọjá.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dè wọ́n. Ní 1850 ìjọba Kalifóníà bu owó-orí 20 dọ́là lóṣù lé àwọn àlejò tí ń wa wúrà. Nígbà tí ìyẹn wúwo jù, a mú òmíràn jáde ní 1852, dọ́là 3 lóṣù, àwọn ará Ṣáínà ni ó sì ń san èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. A ń gba owó lọ́wọ́ wọn. A kò sì fún wọn ní ààbò tí owó-orí fi ń jẹ́ owó-orí.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ George Hall yìnbọn pa ará Ṣáínà kan, Ling Sing. Ọ̀rọ̀ náà ṣojú àwọn ará Ṣáínà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá sí ilé-ẹjọ́, wọ́n jẹ́rìí, a sì dá Hall lẹ́bi ikú. Ṣùgbọ́n ní 1854 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Kalifóníà yí ìdájọ́ náà padà. Kí ni ìdí? Òfin ìpínlẹ̀ náà ti wí tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn dúdú àti Índíánì onílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí lòdì sí òyìnbó. Adájọ́ àgbà wá wí pé láti Éṣíà ni àwọn baba ńlá àwọn Índíánì ti wá, nítorí náà Índíánì ni ará Ṣáínà. Ó sì tún wí pé "dúdú" nínú òfin náà túmọ̀ sí gbogbo ẹni tí kì í ṣe òyìnbó. Báyìí ni apànìyàn ṣe lọ sí ilé rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Òfin tí a fi di ẹnu ará Ṣáínà, kì í ṣe torí tirẹ̀ ni a ṣe ṣe é. Torí àwọn ènìyàn dúdú, ìran tiwa, àti àwọn onílẹ̀ ni a ṣe gbẹ́ pàṣán náà. Ìyálé ni a kọ́kọ́ nà. Nígbà tí ìyàwó dé, a kò wá pàṣán mìíràn kiri. A nawọ́ sí àjà, a sì mú ti àtijọ́.

OJÚ IRIN

Ní 1865, ilé-iṣẹ́ Central Pacific, tí ń la ojú irin láti Sacramento lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kò rí òṣìṣẹ́ tó. Àwọn ọ̀gá kan ní ará Ṣáínà kéré lára, wọn kò ní lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A gba díẹ̀ wò. Nígbà tí ó yá, wọ́n lé ní 10,000, àwọn ni ó sì pọ̀ jùlọ nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Òòlù àti ẹ̀tù ni wọ́n fi la àpáta òkè Sierra Nevada já, wọ́n ń gbẹ́ ihò gba inú òkè kọjá tọ̀sán-tòru. Ní ìgbà òtútù, òjò dídì a máa ya lulẹ̀ láti orí òkè, a sì máa bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí òjò dídì bá yọ́ ni a tó ń rí òkú.

Owó wọn kéré sí ti òyìnbó. Ilé-iṣẹ́ ń bọ́ òyìnbó, àwọn ń bọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹfà 1867, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀, wọ́n béèrè owó tí ó bá ti ẹlẹgbẹ́ wọn mu àti wákàtí tí kò gùn jù. Ọ̀gá iṣẹ́ dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ wọn lórí òkè, ebi sì lé wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869, ojú irin ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn pàdé ní Promontory, ní Utah. A ya àwòrán ọjọ́ náà, àwòrán tí ó lókìkí ní gbogbo ayé. Bí ẹ bá wò ó, ojú àwọn tí ó la àpáta fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí níbẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÍ A TÌ

Láti 1790 ni òfin Amẹ́ríkà ti wí pé nínú àwọn tí ó ti òkèèrè wá, òyìnbó tí kì í ṣe ẹrú nìkan ni ó lè gba ìwé kí ó sì di ọmọ-ìlú. Lẹ́yìn ogun tí ó fi òpin sí oko ẹrú, a tún òfin náà ṣe ní 1870. A fi àwọn tí a bí ní Áfíríkà àti ìran Áfíríkà kún un. Charles Sumner, aṣòfin ará Massachusetts, bẹ̀bẹ̀ pé kí a kúkú pa ọ̀rọ̀ "òyìnbó" rẹ́ kúrò nínú òfin náà, kí ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ará Ṣáínà yóò bá a wọlé.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ fún ọlá àwọn ènìyàn wa pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dákẹ́ nígbà tí ìdè ti kúrò lọ́wọ́ tiwọn. Frederick Douglass, ẹni tí ó sá kúrò ní oko ẹrú, dúró ní Boston ní 1869, ó sì gbèjà àwọn ará Ṣáínà. Ó wí pé ẹ̀tọ́ láti ṣí láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn jẹ́ ti ọmọ ènìyàn gbogbo, kì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Ní 1879, Blanche Bruce, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí tí ó sì di aṣòfin fún Mississippi, dìde lòdì sí òfin tí ó fẹ́ dín iye ará Ṣáínà tí ń wọ ìlú kù. Ẹni tí pàṣán ti bà rí ni ó mọ bí ó ti ń ta ni.

Ṣùgbọ́n ohùn wọn kò borí. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1871, ní Los Angeles, lẹ́yìn ìjà ìbọn kan tí òyìnbó kan kú nínú rẹ̀, èrò ya bo àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, wọ́n sì pa bí ènìyàn 18. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a so kọ́. Oníṣègùn kan wà láàárín wọn. A dá ènìyàn 8 lẹ́bi, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ gíga rí àṣìṣe nínú ìwé ẹ̀sùn, a sì tú gbogbo wọn sílẹ̀.

Láti 1873 ni ọjà ti dẹnukọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ sì wọ́n. Nígbà tí ebi bá wọlé, ojú àlejò ni ó máa ń di ojú olè. Dennis Kearney, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò láti Ireland, kó àwọn òṣìṣẹ́ San Francisco jọ ní 1877, ó sì ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú igbe kan náà: kí àwọn ará Ṣáínà máa lọ. Àwọn olówó tí ó ń san owó kékeré fún ará Ṣáínà ni ó jẹ gbèsè. Ará Ṣáínà tí ó ń gba owó kékeré ni a ní kí ó san án.

Báyìí ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe gbé òfin kan jáde ní 1882, tí Ààrẹ Arthur fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún: fún ọdún mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà kankan kò gbọdọ̀ wọ Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ kankan kò sì gbọdọ̀ fún ará Ṣáínà ní ìwé ọmọ-ìlú. Ẹ gbọ́ iye wọn: ní 1880 bí 105,000 ni wọ́n, nínú àwọn ará ìlú tí ó tó 50 mílíọ̀nù. Nínú ènìyàn 1,000, wọn kò ju 2 lọ. Torí ènìyàn 2 nínú 1,000 ni orílẹ̀-èdè ńlá ṣe ti ilẹ̀kùn.

Ìlẹ̀kùn tí a tì kò sì mú àlàáfíà bá àwọn tí ó ti wà nínú ilé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1885, ní Rock Springs, ní Wyoming, àwọn òyìnbó tí ń wa èédú kọlu àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pa ó kéré tán 28, wọ́n sì jó ilé wọn. A kò fi ẹnìkan ṣẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn ará Tacoma kó gbogbo ará Ṣáínà ìlú wọn jáde nínú òjò.

Ní 1888 a tún mú òfin mìíràn jáde: òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà tí ó bá ti jáde lọ kò gbọdọ̀ padà wọlé, bí ó tilẹ̀ mú ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fún un lọ́wọ́. Bí 20,000 irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó di ewé gbígbẹ ní ọjọ́ kan. Òfin ọdún 1892 wá ní kí olúkúlùkù wọn máa gbé ìwé kan kiri. Ẹni tí a bá bá láìní in, a ó lé e lọ, àfi bí òyìnbó kan bá jẹ́rìí fún un. Ẹ̀yin rántí ẹjọ́ 1854: ẹnu ará Ṣáínà kò tíì di ẹnu. Ní 1904 a sọ òfin ìlẹ̀kùn náà di èyí tí kò ní ọjọ́ ìparí.

ÀWỌN TÍ Ó BÁ ÒFIN WÍ

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Ibi tí ó yẹ kí Ẹgbẹ́ bí tiwa tẹ́tí sí jùlọ nìyí.

Àwọn ará Ṣáínà ní San Francisco ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ tí ó ń gba àlejò tuntun, tí ó ń tọ́jú aláìsàn, tí ó sì ń fi egungun òkú ránṣẹ́ sí ilé. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí parapọ̀, òyìnbó sì ń pè wọ́n ní Ilé-Ẹgbẹ́ Mẹ́fà. Wọ́n dá owó, wọ́n sì gba amòfin òyìnbó tí ó mọṣẹ́. Nígbà tí òfin 1892 dé, dọ́là kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kí olúkúlùkù dá láti pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà ní 1893. Ṣùgbọ́n wọn kò pàdánù gbogbo rẹ̀.

Àwọn alágbàfọ̀ ni a ó kọ́kọ́ mú. Ní 1880 ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco ṣòfin pé ẹni tí ó bá ń fọṣọ nínú ilé pákó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, nítorí ewu iná. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Bí 320 ilé alágbàfọ̀ ni ó wà nílùú, 310 nínú wọn ni a fi pákó kọ́, 240 sì jẹ́ ti ará Ṣáínà. Bí 200 ará Ṣáínà tọrọ àṣẹ. A kò fún ẹyọ ẹnìkan. Bí 80 ẹlòmíràn tọrọ àṣẹ. A fún wọn, àfi ẹnìkan péré. Ǹjẹ́ iná mọ ilé ará Ṣáínà yàtọ̀ sí ti òyìnbó bí? Ẹjọ́ Yick Wo, tí ó ti ń fọṣọ nínú ilé kan náà fún ọdún 22, dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1886. Àwọn adájọ́ sì fi ohùn kan wí pé òfin tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ọwọ́ tí ń lò ó wá wọ́, kì í ṣe òfin. Wọ́n tún wí pé ààbò Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ wà fún gbogbo ẹni tí ó bá wà lórí ilẹ̀ náà, ìbáà ṣe ọmọ-ìlú, ìbáà ṣe àlejò. Títí di òní ni àwọn amòfin ń tọ́ka sí alágbàfọ̀ yìí.

Nígbà náà ni ó kan alásè wa. Wong Kim Ark ni orúkọ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé-ẹjọ́ ti wí, San Francisco ni a bí i sí ní 1873. Ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣáínà. Nígbà tí ó padà dé ní 1895, wọ́n ní kò lè sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ọmọ ará Ṣáínà, ará Ṣáínà ni. Inú ọkọ̀ ojú omi ni a há a mọ́ fún oṣù mélòó kan, ó ń wo ìlú tí a bí i sí lókèèrè. Ilé-Ẹgbẹ́ Mẹ́fà dìde sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 1898, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣe ìdájọ́, adájọ́ 6 sí 2: ẹni tí a bá bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ohunkóhun tí ìbáà jẹ́ ẹ̀yà bàbá àti ìyá rẹ̀.

Kí ni wọ́n fi dá ẹjọ́ náà? Àtúnṣe kẹrìnlá sí Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ni, tí a ṣe ní 1868 nítorí àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní oko ẹrú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po. Ẹ̀jẹ̀ àti omijé ìran tiwa ni a fi kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé. Alásè ọmọ ará Ṣáínà ni ó mú kí a túmọ̀ rẹ̀ dé òpin. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí a bí ní Houston sì ń sùn lábẹ́ ibòji rẹ̀ lónìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà sì kọ àṣẹ ní oṣù kìíní 2025 láti dín ẹ̀tọ́ yìí kù, orúkọ alásè náà ni a tún ń pè níwájú àwọn adájọ́ tí ó kọ́kọ́ dá àṣẹ náà dúró.

PÀṢÁN KÒ SINMI

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti ti mọ́ ará Ṣáínà, àwọn ará Jàpáànì wá sí oko Kalifóníà. Pàṣán kan náà ni wọ́n bá. Ní 1906 ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ San Francisco ní kí a kó àwọn ọmọ Jàpáànì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. 93 péré ni wọ́n nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú náà. Ní 1913 Kalifóníà ṣòfin pé àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́ láti di ọmọ-ìlú kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko. Òfin náà kò dárúkọ Jàpáànì. Ó kàn fi ọgbọ́n yí wọn ká ni.

Láti 1910 títí di 1940, erékùṣù Angel Island ni a ń kó àwọn ará Éṣíà tí ó bá gúnlẹ̀ sí San Francisco lọ. A óò bi ènìyàn léèrè pé: ilé mélòó ni ó wà ní ìlà yín ní abúlé? Níbo ni kànga wà? Àtẹ̀gùn ilé yín jẹ́ mélòó? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó pè ní bàbá, a ó dá a padà. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, ẹlòmíràn fún oṣù. Wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ewì sí ara ògiri pákó, àwọn ewì náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹjọ́ méjì kan wà tí a kì í lè kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ wa láìmi orí. Takao Ozawa, ọmọ Jàpáànì, lọ sí yunifásítì ní Kalifóníà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ nínú ilé rẹ̀. Ó tọrọ ìwé ọmọ-ìlú, ó ní àwọ̀ òun funfun bí ti òyìnbó. Ní oṣù kọkànlá 1922, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lóhùn pé kì í ṣe àwọ̀ ni à ń wò. Ẹ̀yà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Caucasian ni òyìnbó, kò sì sí lára wọn. Kò pé oṣù mẹ́rin tí Bhagat Singh Thind fi dé, ọmọ Punjab ní Índíà, ẹni tí ó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ka àwọn ènìyàn òun mọ́ Caucasian. Adájọ́ kan náà tí ó kọ ìdájọ́ Ozawa, Sutherland, dá a lóhùn ní oṣù kejì 1923 pé kì í ṣe ohun tí ọ̀mọ̀wé wí ni à ń wò. Ohun tí ará ìlú lásán mọ̀ sí òyìnbó ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a gbé bí Sutherland fúnra rẹ̀; àlejò ni òun náà.

Nígbà tí Ozawa mú àwọ̀ wá, wọ́n ní ẹ̀yà ni. Nígbà tí Thind mú ẹ̀yà wá, wọ́n ní ojú ni. Ẹni tí kò fẹ́ kí o jẹ nínú àwo yóò máa gbé àwo náà kiri ni. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, a gba ìwé ọmọ-ìlú padà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará Índíà. Vaishno Das Bagai, oníṣòwò ní San Francisco, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ti kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ kí ó lè di ọmọ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà sì wá kọ òun náà sílẹ̀. Ní 1928 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ní 1924 òfin tuntun ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ará Éṣíà. Ní 1930, ní Watsonville, àwọn èrò fi ọjọ́ bíi mélòó kan lé àwọn ará Filipíìnì kiri, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Fermin Tobera.

INÚ WÁYÀ ẸLẸ́GÙN-ÚN

Lẹ́yìn tí Jàpáànì ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní ìparí 1941, Ààrẹ Roosevelt kọ àṣẹ ní ọjọ́ 19 oṣù kejì 1942. Lórí àṣẹ yìí ni a fi kó bí 120,000 ènìyàn ìran Jàpáànì ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn kúrò ní ilé wọn. Nínú ẹni mẹ́ta, méjì ni a bí ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ọwọ́ lè gbé nìkan ni a ní kí wọ́n mú. Oko, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ ẹja lọ ní ọ̀pọ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ sùn ní ibùjẹ ẹṣin ní pápá eré ìje. Lẹ́yìn náà a kó wọn lọ sí àgọ́ mẹ́wàá nínú aṣálẹ̀ àti irà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí wọn ká, sójà sì ń ṣọ́ wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ogun ni ó fà á, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Hawaii. Hawaii ni bọ́ǹbù ti bọ́, àwọn ará Jàpáànì sì lé ní ìdá mẹ́ta àwọn ará ibẹ̀. Díẹ̀ péré ni a há mọ́, nítorí bí a bá kó gbogbo wọn, iṣẹ́ yóò dúró. Amẹ́ríkà ń bá Jámánì àti Ítálì jà pẹ̀lú, a kò sì kó àwọn ọmọ wọn jọ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú àgọ́ sì tún jáde lọ jagun fún Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun wọn, tí à ń kọ ní 442, wà lára àwọn tí a fi oyè akọni dá lọ́lá jùlọ nínú ogun náà, nígbà tí òbí àwọn kan ṣì wà nínú wáyà.

Fred Korematsu, ajórin tí a bí ní Oakland, kọ̀, kò lọ. A mú un. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá a lẹ́bi ní 1944, adájọ́ 6 sí 3. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1983 ilé-ẹjọ́ kan ní San Francisco pa ẹ̀bi rẹ̀ rẹ́, nígbà tí ó hàn pé ìjọba fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn adájọ́. Ní 1988 Ààrẹ Reagan fi ọwọ́ sí òfin tí ó tọrọ àforíjì, tí ó sì fún olúkúlùkù ẹni tí ó ṣì wà láàyè ní 20,000 dọ́là. Ní 2018, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fúnra rẹ̀ wí pé àṣìṣe ni ìdájọ́ 1944.

BÍ ILẸ̀KÙN TI ṢÍ

Ní 1943, nígbà tí Ṣáínà di ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà nínú ogun, a pa òfin 1882 rẹ́. Ṣùgbọ́n 105 ènìyàn péré ni a gbà láyè láti wọlé lọ́dún. Ní 1952 a mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò pátápátá nínú òfin ìwé ọmọ-ìlú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1965, Ààrẹ Johnson fi ọwọ́ sí òfin tí ó fọ́ ìpín àtijọ́ náà. Ìjà tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà jà fún ẹ̀tọ́ wọn ni ó la ọ̀nà fún un. Ẹnu ọ̀nà náà ni àwọn ará Éṣíà gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbà.

Pàṣán ṣì wà lórí àjà. Ní oṣù kẹfà 1982, ní ẹ̀bá Detroit, nígbà tí ọkọ̀ Jàpáànì ń gba ọjà lọ́wọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó méjì fi igi bọ́ọ̀lù lu Vincent Chin pa. Ọmọ ìran Ṣáínà ni, kì í ṣe Jàpáànì. Owó ìtanràn 3,000 dọ́là ni adájọ́ bù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láìsí ẹ̀wọ̀n. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 2020, a tún rí àwọn àgbàlagbà ará Éṣíà tí a ń tì lulẹ̀ ní òpópónà, bí ẹni pé àwọn ni ó gbé àrùn náà wá.

Ẹ̀KỌ́ TIWA

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Èkíní ni pé òfin búburú kì í kú sí ara ẹni tí a ṣe é fún. Bí a bá ń na aládùúgbò, kí a má ṣe wí pé kò kàn wá. Kí a wo àjà.

Èkejì ni pé omijé kọ́ ni ó dá ẹjọ́ alágbàfọ̀ àti alásè. Ẹgbẹ́ tí ó ní ìṣọ̀kan, àpò tí ó ní owó, amòfin tí ó mọ ìwé, àti sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún ni. Bí owó Ẹgbẹ́ bá ti ń falẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ rántí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí àwọn tí ń fọ aṣọ ẹlẹ́gbin dá.

Ẹ̀kẹta ni ó nira jùlọ láti sọ. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ni ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn nínú ọjà Kumasi àti Accra. A sunkún, a sì pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì já, àwa pẹ̀lú ní Nàìjíríà lé àìmọye àlejò, ará Gánà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ tí a fún àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì wà lẹ́nu wa, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín lọ́jà. Igbe Kearney kò ní èdè kan. Gbogbo ẹnu ni ó lè kọ́ ọ.

Ọmọ-ẹ̀kọ́ wa náà tún bi wá léèrè kí ó tó jókòó, ó ní: "Sà, ṣé ẹ̀gbọ́n mi mọ orúkọ alásè náà?" A ní a kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí i. A bẹ̀ yín, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a sì bojú wo àwọn àlejò tí ó wà láàárín wa nísinsìnyí, ní ọjà, ní oko àti ní ibi iṣẹ́, kí a mọ̀ pé ọmọ tiwa kan ń bẹ níbòmíràn tí ojú àjèjì ń wò bí a ti ń wò wọ́n.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wa gba àlejò, kí àjèjì sì gba ọmọ wa.